Ọ̀pá wo, ríìlì wo, ìjẹ wo? Ọ̀rọ̀ ìwọ̀ láti Yàgbà dé Lọ́kọ́jà

Ìbéèrè láti Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ̀dá mi tó wà ní Texas ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì, wọ́n ní kí n sọ ohun tí wọ́n máa bá mi rà. Mo ti ń wo fídíò àwọn tó ń pẹja bass lọ́hùn-ún. Ọ̀pá mẹ́jọ, mẹ́wàá ló máa ń wà nínú ọkọ̀ ojú omi ẹnì kan ṣoṣo, àpótí ìjẹ á sì kún dẹ́nu. Owó ọ̀pá kan, ríìlì kan àti ìjẹ díẹ̀ ni wọ́n lè ná fún mi. Adágún Omi ní ìhà Ẹjìbà ni mo fẹ́ máa lò ó, kí n sì máa dé Lọ́kọ́jà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni kí n ní kí wọ́n rà?

* * *

Àbúrò mi, má tíì kọ orúkọ ọ̀pá kankan ránṣẹ́. Ẹja ni kí o kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà irú omi tó ń gbé, lẹ́yìn náà ìjẹ tó máa gbà. Ìwúwo ìjẹ ló ń sọ irú okùn, okùn ló ń sọ irú ríìlì, ìyẹn ẹ̀rọ tí okùn wé sí lára ọ̀pá, ọ̀pá ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé: a ra ọ̀pá tó ń dán, a wá ń wá ohun tí a máa fi í ṣe.

Ẹja ìlà oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ni bass tí o ń wò yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní largemouth. Wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn, bíi adágún Naivasha ní Kenya, South Africa, Zimbabwe àti Japan. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n kọ sílẹ̀, George Perry ló mú un ní Georgia ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1932. Pọ́n-ùn 22 àti ounce 4 ló wọ̀n. Ní 2009, Manabu Kurita mú èyí tó bá a dọ́gba ní adágún Biwa ní Japan. Bí o bá ṣírò rẹ̀, kìlógíráàmù 10 lé díẹ̀ ni, ohun tí gbogbo ayé bass ti ń lé láti ọdún 1932 nìyẹn. Nínú odò Ọya ní Lọ́kọ́jà, ẹja kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi. Ẹja yẹn lè kọjá kìlógíráàmù 100.

Mi ò sọ pé ohun èlò bass kò wúlò fún wa. Bass máa ń lúgọ lẹ́bàá igi tó wó sómi, kó tó fò mọ́ ẹja kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni giwan ruwa ń ṣe lẹ́yìn àpáta. Ìwà wọn jọra, ara wọn ni kò jọra.

Ohun tí mo máa ní kí bọ̀dá rẹ rà nìyí: ọ̀pá spinning kan, ẹsẹ̀ bàtà 7, tí wọ́n kọ medium-heavy àti fast sí lára, ríìlì spinning 4000 (spinning ni èyí tó ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá, 4000 ni nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe tóbi tó), okùn àhunpọ̀ tó ń gbé pọ́n-ùn 30, ìjẹ mẹ́rin péré. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà, nítorí náà mo máa ṣàlàyé bí wọ́n bá ti ń dá sí i.

* * *

Ẹnìkan láti Mọ̀pà ní owó ìnákúnàá ni gbogbo èyí. Ó ní oparun, lailọ́ọ̀nù àti ìwọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá òun fi bọ́ ilé.

Mi ò ní bá a jiyàn lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Oparun ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ lódò Oyi. A máa ń gé sílípáàsì tó ti já ní ìwọ̀n orí àtàǹpàkò, a ó dá a lu láàrin, a ó fi okùn gba inú rẹ̀ kó lè máa léfòó. Ekòló la máa ń fi sẹ́nu ìwọ̀. Sílípáàsì yẹn á kọ́kọ́ mì díẹ̀, á dúró, á tún mì, lẹ́yìn náà á yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé wọ́n ń fi ọwọ́ fà á nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kí o gbé ọ̀pá sókè. Títí di òní, bí ẹ̀pìyà fún ọbẹ̀ alẹ́ ni mo bá ń wá, oparun ni mo ń mú.

Ibi tí oparun ti ń jáni kulẹ̀ ni pé okùn rẹ̀ kì í gùn ju igi rẹ̀ lọ púpọ̀, kò sì ní bíréèkì, ìyẹn ohun tó wà lára ríìlì tó ń jẹ́ kí okùn máa yọ́ jáde bí ẹja bá fà á le. Ẹja ńlá á nà án títí, okùn á já, ẹja á gbé ìwọ̀ lọ sẹ́nu. Ríìlì ló ń fún ẹja láàyè láti sáré kí okùn má baà já. Bí ẹ̀pìyà àti àrọ̀ kékeré bá tó ẹ, ní kí bọ̀dá rẹ fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ kọjá ẹ̀pìyà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan ní Kàbà kọ̀wé pé ríìlì spinning kò yẹ ọkùnrin, pé baitcaster ni àwọn tó mọṣẹ́ ń lò fún bass, èyí tó máa ń jókòó lórí ọ̀pá tí ibi tí okùn wé sí á máa yí bó o bá ti jù ú.

Òótọ́ ni pé àwọn tó mọṣẹ́ ń lò ó. Ó lágbára, ó sì ń jẹ́ kí ìjẹ balẹ̀ sí ojú ibi tí o fẹ́ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí ẹni tó ń béèrè. Bí ìjẹ bá rọlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí àtàǹpàkò kò sì tètè tẹ ibi tí okùn wé sí, ibẹ̀ á máa yí lọ, okùn á sì lọ́ mọ́ra di kóńkó. Mo ti jókòó lórí àpáta ní Lọ́kọ́jà láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ títí oòrùn fi gòkè, tí mo ń tú okùn bí ẹni ń tú irun ọmọ kékeré, nígbà tí àwọn ẹja ń ta pápá lójú omi níwájú mi. Mo gé okùn náà dànù níkẹyìn. Ẹni tó ní okùn kan ṣoṣo, tí ìlú rẹ̀ kò sì ní ibi tó ti lè ra òmíràn, kò gbọdọ̀ fi baitcaster bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, ìjẹ tó fúyẹ́ kì í fẹ́ fò lára rẹ̀. Ríìlì spinning máa ń ju ìjẹ kékeré àti ńlá, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í sì dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ẹ̀yin tó ń lo spinning ń ṣe. Bí ẹja bá ń fa okùn jáde tí bíréèkì ń dún, ẹ má yí ọwọ́ ríìlì. Bí wọ́n bá kọ 6:1 sí ríìlì lára, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀, irin tó ń ká okùn á yí po nígbà mẹ́fà. Bí okùn kò bá wọlé nítorí pé ẹja ń fà á lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ ti lọ́ okùn yẹn po. Lọ́jọ́ kejì, bí ẹ bá jù ú, á ká mọ́ra bí òwú tó lọ́. Ẹ gbé ọ̀pá sókè, ẹ jẹ́ kó sáré. Bó bá dúró, ẹ rẹ ọ̀pá sílẹ̀, ẹ sì máa ká okùn bí ẹ ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Bíréèkì náà, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ kó omi ìgò líta 1.5 méjì sínú àpò kan, kìlógíráàmù 3 nìyẹn. Ẹ so okùn mọ́ àpò náà, ẹ fà á tààrà láti ara ríìlì, ẹ má jẹ́ kí ọ̀pá tẹ̀. Bí bíréèkì bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ gẹ́gẹ́ bí àpò ṣe ń kúrò nílẹ̀, ó tó fún okùn pọ́n-ùn 30. Bí kò bá yọ́ rárá, ẹ tú u díẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá gan-an. Nǹkan méjì ni ọ̀pọ̀ ń pa pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Èkíní ni bó ṣe le tó: ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ light, medium, heavy. Èkejì ni ibi tó ti ń tẹ̀: fast máa ń tẹ̀ ní ṣónṣó nìkan, slow máa ń tẹ̀ dé ìdí. Èyí tó ń tẹ̀ ní ṣónṣó ń tètè kan ìwọ̀ mọ́ ẹja lẹ́nu. Èyí tó ń tẹ̀ jìn dára fún ìjẹ tó ní ìwọ̀ kéékèèké mẹ́ta mẹ́ta, torí kì í já ìwọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu ẹja. Ẹni tó máa ní ẹyọ kan ṣoṣo, fast ni kó mú, kó sì máa rọra fà nígbà tó bá ń lo ìwọ̀ ẹlẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹnìkan bi mí lórí ọ̀pá tó ń wọ inú ara rẹ̀ bíi eriali rédíò. Mo ti ra irú rẹ̀ rí ní ìsọ̀ kan, ẹni tó tà á búra pé ó ń gbé ẹja kìlógíráàmù 20. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iyanrìn kékeré wọ inú ìsopọ̀ rẹ̀. Mo rò pé mo ti fà á tán. Àrọ̀ kan tí kò ju kìlógíráàmù 4 lọ gbá a, mo gbọ́ kà-a! Ìpín kejì ti pín sí ọ̀nà gbọọrọ gbọọrọ bí igi oparun tí wọ́n fi àáké là. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá onípín méjì ni mo ń lò: ó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ìsánlú lọ Kàbà láìṣẹ́, ibi ìsopọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì ń nù.

Bí ìsopọ̀ bá há, ẹ má fi ọwọ́ lọ́ ọ bí ìdérí ìgò. Ẹ fà á ní tààrà. Kí ẹ tó tún un so, ẹ fi àbẹ́là pa á díẹ̀.

* * *

Èyí ni ibi tí mo máa ń gbóná sí, torí pé ẹja ni à ń pàdánù níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo fídíò bass ní ìdè okùn mọ́ ìjẹ láìsí nǹkankan láàrin ló dára jù. Fún bass, wọ́n ṣe é dáadáa. Ẹnu bass kan rí sàkàsàkà bí bébà tí wọ́n fi ń fá igi, kò ní eyín tó ń gé okùn. Ṣùgbọ́n tigerfish wà nínú Ọya, ẹja eléyín gígùn tí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń wọ inú ara wọn bí eyín pakute. Bó bá gbé ìjẹ rẹ, okùn rẹ á padà sọ́dọ̀ rẹ láìní nǹkankan lẹ́nu. Fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wàá rí i pé ojú ibi tó ti gé mọ́ tónítóní, bí ẹni fi abẹ gé e. Okùn tó já nítorí ìfà máa ń ní irun lẹ́nu, ìyẹn ni wàá fi mọ̀ èyí tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, fún Lọ́kọ́jà, wáyà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ni kí o fi sáàrin okùn àti ìjẹ. Giwan ruwa kò ní irú eyín bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbò etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ẹnu rẹ̀ sì ń ha okùn. Lailọ́ọ̀nù tó nípọn, pọ́n-ùn 60 sí 80, ló yẹ kó wà níwájú rẹ̀. Ní Omi, wáyà kì í fẹ́rẹ̀ jẹ́ dandan: níbi tí mo ti máa ń jókòó, ẹ̀pìyà, àrọ̀ àti ẹja tí orí rẹ̀ dà bí orí ejò ni mo ń rí.

Àríyànjiyàn okùn àhunpọ̀ àti lailọ́ọ̀nù kò ní parí lónìí. Lailọ́ọ̀nù ń nà, ìyẹn máa ń dáàbò bo ẹni tó ń fà jù. Okùn àhunpọ̀ kì í nà, ìfọwọ́kàn ẹja kékeré á dé ìka rẹ, ti pọ́n-ùn 30 kò sì nípọn ju lailọ́ọ̀nù pọ́n-ùn 8 lọ. Òun ni mo yàn. Ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ wé lailọ́ọ̀nù díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo okùn á máa yọ́ lórí ríìlì. Oòrùn sì ń jẹ lailọ́ọ̀nù. Má fi ọ̀pá sílẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án oṣù Kẹta.

Kókó ìdè kan ṣoṣo ni kí o kọ́ ná: ṣẹ́ okùn po, tì í gba ojú ìwọ̀, fi orí tó ṣẹ́ po yẹn ta kókó kan, lẹ́yìn náà jẹ́ kí ìwọ̀ gba inú ihò tó wà lórí kókó náà. Fi itọ́ rẹ̀ ẹ́ kí o tó fà á le. Bí o kò bá rẹ̀ ẹ́, ìfà gbígbẹ máa ń jó okùn.

* * *

Ìjẹ. Bọ̀dá rẹ máa rí ọgọ́rùn-ún oríṣi lórí pẹpẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kùn láti fi mú ojú ènìyàn. Mẹ́rin ni mo fẹ́:

Crankbait kan, ẹja oníke tí ètè ńlá wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí ètè tó tóbi ló ń rì jìn. Gígùn rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Kí o yọ àwọn ìwọ̀ tó bá a wá kúrò, kí o fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀ tí wọ́n ṣe fún bass, giwan ruwa á nà án tààrà bí abẹ́rẹ́.

Ṣíbí kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 20 tàbí díẹ̀ lé ni. Èyí ni mo lè jẹ́rìí sí jù. Mo mú ṣíbí ìjẹun kan lọ sọ́dọ̀ wẹ́ídà, ó gé ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó dá a lu ní ìhà méjèèjì, mo so òrùka àti ìwọ̀ mọ́ ọn. Ó ń tàn yanran lábẹ́ omi bí ẹja tó ń yí ara padà, kò sì ná mi ní owó tí ó tó nǹkan.

Ẹja rọ́bà pẹ̀lú òjé orí ìwọ̀, fún ìsàlẹ̀ omi.

Àti ọ̀pọ̀lọ́ rọ́bà tí ìwọ̀ rẹ̀ sin mọ́ ẹ̀yìn, tí kì í há sí koríko. Èyí ni ti Omi. Ní àfẹ̀mọ́jú, nígbà tí omi bá dákẹ́, dúró lẹ́bàá koríko kí o wo omi. Ẹja olórí ejò ń gòkè wá mí, wàá rí ìfófòó kékeré tó dà bí ẹni ń fọ ọṣẹ, á sì tún sọnù. Ju ọ̀pọ̀lọ́ kọjá ibẹ̀, rọra fà á, dá a dúró, tún fà á. Bó bá gbá a, má fà lójú ẹsẹ̀! Ka ọ̀kan, ka èjì, kó lè yí orí padà, lẹ́yìn náà kí o kan ìwọ̀ mọ́ ọn. Mo ti pàdánù mẹ́ta nítorí ìkánjú ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

* * *

Ẹnìkan béèrè àwọ̀, ó ní ìwádìí òun ni pé pupa ló ń pa ẹja.

Ẹ wo aṣọ ìpò pupa ti Bùnú lójú oòrùn. Ó ń jó. Ẹ fi sínú omi jìn, pupa ni àwọ̀ tí omi kọ́kọ́ ń gbé mì, á di bí eérú dúdú. Nítorí náà, pupa tí ẹ rí lórí pẹpẹ kì í ṣe pupa tí ẹja rí nísàlẹ̀. Mímọ́ omi ṣe pàtàkì ju àwọ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, tí Ọya kún, tó pọ́n bí ẹrẹ̀, ìjẹ tó ń gbọ̀n, tó ń dún, ni kí ẹ lò, dúdú tàbí yẹ́lò tó ń tàn. Nígbà tó bá fà sẹ́yìn lẹ́yìn ọyẹ́, tí omi mọ́, fàdákà àti àwọ̀ ẹja gan-an ló dára.

Ẹni tó bá gun orí òkè Patti ní Lọ́kọ́jà lè rí bí omi Ọya pọ́n, tí ti Bẹ́núé kò sì pọ́n bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti pàdé. Èmi máa ń ju ìjẹ sí àárín ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé. Ẹja kékeré ń dà síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí àwọ̀n àwọn apẹja Nupe àti Kakanda. Iṣẹ́ oúnjẹ wọn ni, fún wa ìgbafẹ́ ni. Bí ìwọ̀ rẹ bá há sínú àwọ̀n ẹlòmíràn, pè é, bẹ̀ ẹ́, má fi ọ̀bẹ gé e. Ní Omi pẹ̀lú, bi àwọn tó ń ṣọ́ ìdídò náà kí o tó jókòó. Bí o bá wọ ọkọ̀, wọ ẹ̀wù tó ń léfòó, kódà bí àwọn atukọ̀ bá fi ojú àìnígboyà wò ẹ́.

* * *

Àbúrò mi Ìsánlú ti padà wá. Ó ní bọ̀dá òun ti rí ọ̀pá medium-heavy ẹsẹ̀ bàtà 7, ṣùgbọ́n owó tó kù kò tó ríìlì 4000 tó dára, àfi kí wọ́n dín ìjẹ kù. Ó bi mí bóyá ríìlì 4000 olówó pọ́ọ́kú dára ju 3000 tó dáa lọ.

Ríìlì 3000 tó dáa ni o. Bíréèkì tó ń yọ́ dáadáa ni mo fẹ́, kì í ṣe nọ́ńbà. Dín ìjẹ kù sí méjì, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹja rọ́bà, kí o wá mú ṣíbí kan lọ sọ́dọ̀ wẹ́ídà. Wáyà àti okùn pọ́n-ùn 30 kò ṣeé yẹ̀, ní kí wọ́n fi owó crankbait rà á.

Bí ọ̀pá bá dé, kí o tó gbà á lọ́wọ́ wọn, mú òwú díẹ̀ dání. Fi òwú náà nu inú òrùka kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ṣónṣó, rọra yí i po. Ibi tí òwú bá ti kọ́, òrùka ti sán níbẹ̀, á máa gé okùn rẹ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá kọ́ níbìkankan, mú u bọ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, kí á pàdé ní Ẹjìbà ní agogo márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́.